Ilẹ̀kùn Ọgbà Ìyá Eléwúrẹ́

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà tí títì márosẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní ìhà Ajah. Ìyá àgbàlagbà kan wà nígbà náà tí ilé wọn fara ti tiwa. Ewúrẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń sìn, ìdí nìyí tí gbogbo ọmọdé àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Ìyá Eléwúrẹ́. Ọkọ wọn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Mushin, ó sì máa ń wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa ìyá yìí, àwọn ọmọ tí mo bí gan-an ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ajah lónìí, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí nígbà yẹn. Iyanrìn funfun ni gbogbo ilẹ̀, àgbọn níhìn-ín, gbágùúdá lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn abúlé wa, ní apá ọ̀sà, igbó kan wà tó kún fún igi orín àtá. Gbòǹgbò igi yìí ni àwọn òbí wa fi ń fọ eyín láàárọ̀, ó máa ń ta ni lẹ́nu. Ẹ̀gún ara rẹ̀ ló burú. Ẹ̀gún wà lára ìtì, ó wà lára ẹ̀ka, kódà ó wà lábẹ́ ewé, ó sì kákò bí èékánná ológbò. Síbẹ̀, kò sí oúnjẹ tí ewúrẹ́ fẹ́ràn tó o. Mo máa ń dúró wò wọ́n. Wọn á na ọrùn, wọn á fi ètè já ewé kúrò láàárín ẹ̀gún méjì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yọ egungun kúrò lára ẹja, ẹ̀gún kankan ò sì ní gún wọn. Abo dúdú kan tí etí rẹ̀ ya ni àgbà wọn. Á fi ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn dìde dúró kí ẹnu rẹ̀ lè tó ẹ̀ka òkè. Òun ló ń ṣáájú wọn lọ láàárọ̀, òun náà ló ń kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í dà wọ́n.

Nígbà tí katakata dé, wọ́n la títì gba àárín abúlé àti igbó yẹn kọjá. Ìyá Eléwúrẹ́ wá fi ọparun ṣe ọgbà fún àwọn ẹran wọn, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn kan sí i tí wọ́n ń fi okùn so. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè máa sọdá títì. Wọ́n bẹ ìyá mi pé kí n máa bá àwọn gé ẹ̀ka orín àtá wá tí mo bá ti ilé ìwé dé.

Mò ń ṣe é, àmọ́ mo kórìíra rẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè di ẹ̀ka yẹn mú tí kò ní gún mi. Tí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, Ìyá Eléwúrẹ́ á ní kí n jókòó sórí àpótí, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún ọwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi àdín pa ojú ibẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n máa ń wí. "Ìwọ náà á rí ọmọ rán níṣẹ́."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún mi ní èkìrí àgbọn kan pẹ̀lú gaàrí, màá sì gbàgbé ìrora mi di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, bí a ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, ọ̀rẹ́ mi kan sáré bá mi.

"Wọ́n ti ju àwọ̀n ńlá sí òkun o! Gbogbo wa là ń lọ bá wọn fà á. Ẹni tó bá fà á ló máa gba ẹja."

"Jẹ́ kí n gé ewé fún ẹran Ìyá ná."

"Kí o tó gé ewé tán, ṣé ẹja á ṣì kù?"

Mo dé ẹ̀yìn ilé Ìyá Eléwúrẹ́. Ìyá ń sùn lórí ẹní nínú yàrá, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun. Mo wo àdá, mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó ṣì wú láti àná. Mo wá sọ fún ara mi pé ṣebí àwọn ẹran yìí mọ̀nà, ṣebí wọ́n ń dá lọ tẹ́lẹ̀. Mo tú okùn ilẹ̀kùn. Mo dà wọ́n dé etí títì, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ọkọ̀, mo kó wọn sọdá. Bí wọ́n ṣe rí orín àtá ni wọ́n sáré wọ inú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tó jẹun yó, màá ti dé. Ni mo bá gba ọ̀nà òkun lọ.

Àwọ̀n yẹn wúwo, ó pẹ́ kó tó gúnlẹ̀. Nígbà tí mò ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹja mẹ́ta tí mo fi okùn kọ́, oòrùn ti ń wọ̀. Mo rí èrò létí títì. Abo dúdú ti ń kó àwọn yòókù bọ̀ wálé lásìkò tó máa ń kó wọn bọ̀, típà tó ń kó iyanrìn sì ti gbá òun àti ọmọ rẹ̀ kan. Típà náà ò dúró. Oyún wà nínú abo yẹn. Ìyá Eléwúrẹ́ jókòó sínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ gbọn iyanrìn kúrò lójú rẹ̀.

"Mo so ilẹ̀kùn yẹn," ni wọ́n ń wí. "Mo so ó kí n tó sùn. Àbí mi ò so ó?"

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi.

"Ọmọ mi, nígbà tí o ti ilé ìwé dé, ṣé ilẹ̀kùn yẹn wà ní síso?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, ìyá mi wà lára wọn. Mo gbé ẹja ọwọ́ mi pamọ́ sẹ́yìn.

"Ó ti ṣí sílẹ̀ nígbà tí mo dé, Ìyá. Mi ò bá ewúrẹ́ kankan níbẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ kó wọn jáde."

Wọ́n mi orí. "Háà. Èmi náà ni, ẹ ò rí i. Orí mi ti ń dàrú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ti bọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá ò gbà mọ́ pé ohun tí àwọn bá ṣe, àwọn ti ṣe é lóòótọ́. Wọ́n á so ilẹ̀kùn tán, wọ́n á padà lọ fà á wò. Wọ́n á fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ tún un so. Wọ́n á pè mí, wọ́n á ní, "Wá bá mi wò ó, ojú tìrẹ ni mo gbára lé." Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ìyá ti ń gbàgbé nǹkan. Tí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀ Ìyá, àwọn èèyàn á ní ẹ ò rí i. Tí Ìyá bá ṣi ẹnì kan pè, àwọn èèyàn á ní a ti ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kí ewúrẹ́ yẹn tó kú, Ìyá máa ń ṣi ènìyàn pè, kò sì sẹ́ni tó ka nǹkan kan sí i.

Ọmọ wọn dé láti Mushin. Ìyá mi ló jókòó tì í tó ro gbogbo rẹ̀ fún un, pé ọmọ òun fojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Mò ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, mò ń gbọ́ wọn. Ọkùnrin náà ní, "Mà, ewúrẹ́ ló kú lọ́tẹ̀ yìí. Tó bá jẹ́ pé ìyá mi fúnra wọn ló rìn wọ títì ńkọ́?" Mi ò dìde. Mò ń fọ abọ́ mi lọ.

Ó fẹ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, Ìyá ò fẹ́ lọ. "Kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní Mushin?" ni wọ́n ń bi í. Àmọ́ wọn ò jà, nítorí wọ́n ti gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ta ewúrẹ́ mẹ́ta tó kù fún alápatà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi ọwọ́ wọn méjèèjì di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ dáadáa. O bá mi ṣiṣẹ́ gan-an." Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, mo dúró lórí iyanrìn, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí n tó lọ wò wọ́n. Mo ti lọ́kọ, mo pọn ọmọ mi àkọ́kọ́ sẹ́yìn. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo bá wọn, fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ògiri ilé kejì ló sì kọjú sí. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ wọ́n dá ohùn mi mọ̀ kí n tó sọ orúkọ. Wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n béèrè ọ̀rẹ́ mi, wọ́n béèrè bóyá igi àgbọn ẹnu ọ̀nà àwọn ṣì ń so. Orí tó mọ gbogbo ìyẹn ni a ní ó ti dàrú.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí típà pa ewúrẹ́ yín. Ẹ̀yin so ó. Èmi ni mo tú u, mo wá purọ́ mọ́ yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wá orí mi kí àwọn lè fọwọ́ pa á.

"O fẹ́ràn mi jù," ni wọ́n wí. "O fẹ́ bá mi ru ẹ̀bi mi. Dìde, ọmọ mi. Èmi ni. Mo ṣì rántí bí okùn yẹn ṣe rí lọ́wọ́ mi. Oorun ń kùn mí, mo ní màá padà wá so ó."

Mo búra. Mo sunkún. Wọ́n ní kí n má fi ẹkún dẹ́rù ba ọmọ ẹ̀yìn mi. Wọn ò gbà á, títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n kú.

Ẹ̀sítéètì ti bo gbogbo igbó yẹn báyìí. Àwọn ọmọ ọmọ mi ò mọ orín àtá, wọn ò sì rí ewúrẹ́ tó ń dá rìn lọ jẹun rí. Kámẹ́rà wà lẹ́nu géètì gbogbo. Tí géètì bá ṣí láìnídìí, wọ́n á lọ wo ẹni tó ṣí i, ọ̀rọ̀ á tán. Nígbà tiwa, kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀. Àgbà ò rántí, wọ́n bi ọmọdé tí wọ́n fọkàn tán, ohun tí mo sọ ni wọ́n sì gbà.