Àìná Tó Pa Ilẹ̀ fún Bàálù

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi ojú mi méjèèjì búra, ojú tí mo ṣì fi ń kàwé láìlo awò ní ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́rin: bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, kí wọ́n ṣókùnkùn kí n tó kọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka àwọn ìtàn tí mo kọ nípa Rótìmí awakọ̀ òfurufú, ẹ mọ pápá kan tó máa ń balẹ̀ sí lẹ́yìn tó bá ti bá ìjì jà tán, tó sì ti gba bàálù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà ojú sánmà. Èmi Samuel Bọ́dúndé, tí mi ò kọjá Sítáńdà Tuu, tí mo fi iná àtùpà kọ́ ara mi ní ìyókù, èmi ni mo fi orí mi dá Rótìmí. Ṣùgbọ́n pápá yẹn wà lóòótọ́, láàárín Ìṣẹ̀ àti Emùré. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Christiana Àìná ló ṣe é. Ó ti yẹ kí n kọ ìwé ọpẹ́ yìí fún un tipẹ́, torí orí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo òkìkí mi ti gbéra.

Iṣẹ́ Àìná ni kó máa pa ilẹ̀ ilé. Nígbà náà, ilé alámọ̀ ló pọ̀, sìmẹ́ńtì kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá kọ́lé láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Igbara-Odò, Àìná ló máa ń ránṣẹ́ sí. Á wọ́n omi, á fi pátákó lu ilẹ̀ náà títí á fi le, á wá fi òkúta àti omi ewé tí òun nìkan mọ orúkọ rẹ̀ pa á títí á fi máa dán. Bó bá ṣe tán, á da ẹkùrọ́ kan sílẹ̀. Bí ẹkùrọ́ náà bá yí, iṣẹ́ kò tíì parí. Mo rí adìyẹ kan tó wọ pálọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tó rí ara rẹ̀ nínú ilẹ̀, tó sì bá a jà títí di ọ̀sán. Kò sẹ́ni tí í wọ bàtà gun ilẹ̀ Àìná. Ó ti lé kátíkíìsì jáde rí, Bíbélì lọ́wọ́, nítorí bàtà.

Ní oṣù keje ọdún 1956, ajá dìgbòlugi bu Ọmọ́tóyọ̀sí jẹ lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà odò. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Àìná bí, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Dìsípẹ́ńsà fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, ó sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ̀: "Abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá ni, sí ikùn, ọ̀kan lójúmọ́. A ò ní ẹyọ kan níbí. Bí àìsàn ajá yìí bá ṣáájú abẹ́rẹ́ dé orí ọmọ, ó parí nìyẹn."

Odò Ògbèsè sì ti kún, ó ti gbé afárá lọ, mọ́tò kankan kò lè kọjá. Tíṣà Stephen Bọ́lárìnwá, ọ̀gá ilé ìwé wa, gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò, ó gba ọ̀nà oko lọ sí Ìkẹ́rẹ́ láti tẹ wáyà. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: òyìnbó kan tó ń fi bàálù kékeré wọn ilẹ̀ á gbé abẹ́rẹ́ náà wá ní ọjọ́ kẹrin, bó bá rí ibi balẹ̀ sí. Kí ibẹ̀ gùn tó ẹgbẹ̀ta ìṣísẹ̀, kò gbọdọ̀ ní kùkùté, kò gbọdọ̀ ní ebè.

Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ ni oko iṣu Baba Fálẹ́yẹ. Àìná lọ kúnlẹ̀ fún un láàárín ebè.

"Uṣu mi ò tíì gbó, Àìná," ni Baba wí. "Ṣé ọmọ ọwọ́ lo fẹ́ kí n máa wú nínú ulẹ̀?"

"Ọma mi náà ò tíì gbó, Baba."

Fálẹ́yẹ tutọ́, ó wá ju ọkọ́ sí mi. "Samuel, kí lò ń wò? Ìwọ tó o gbọ́n ju òyìnbó lọ, bẹ̀rẹ̀!"

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló wá, èmi fúnra mi ni mo kà wọ́n. Ọkùnrin ń hú iṣu, wọ́n ń tú ebè. Obìnrin tò tẹ̀lé wọn, wọ́n ń fi pátákó lu ilẹ̀. Àìná ló gbẹ̀yìn pẹ̀lú òkúta àti omi ewé rẹ̀. Tíṣà ní, "Ìyá, ó tó bẹ́ẹ̀. Bàálù ló ń bọ̀, kì í ṣe ìyàwó tuntun."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi. Ẹni tó ń gbé ẹ̀mí ọma mi bọ̀, ṣé orí ulẹ̀ gbágungbàgun ni kó balẹ̀ sí?"

Ó pa gbogbo rẹ̀ bíi pálọ̀ ọba. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó da ẹkùrọ́ sílẹ̀, ẹkùrọ́ dúró síbi tó bọ́ sí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, òjò winniwinni rọ̀ sórí ilẹ̀ dídán náà. Bàálù dé. Èmi ni mo fi aṣọ funfun júwe ọ̀nà fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ báyìí, ó yọ̀ bí ẹni tó tẹ ilá mọ́lẹ̀! Ìrù ṣíwájú, orí kẹ́yìn, ó ń lọ. Ó kọjá lára mi, òyìnbó la ẹnu sílẹ̀, mo ka eyín rẹ̀, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Inú oko pákí Fálẹ́yẹ ló dúró sí.

Òyìnbó elérùngbọ̀n pupa jáde, ó gbá àpótí yìnyín mọ́ àyà. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Àìná, bá a wí," ni Fálẹ́yẹ wí. "Kò bọ́ bàtà."

Ojú ẹsẹ̀ ni dìsípẹ́ńsà fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó ní ọ̀rọ̀ láti sọ, Tíṣà sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Mẹ́rin péré ló wà nínú àpótí. Mẹ́wàá tó kù ṣì ń bọ̀ láti Èkó. Òun ti balẹ̀ sórí iyanrìn rí, òun ti balẹ̀ sórí àpáta, òun ò sì ní balẹ̀ sórí dígí yìí mọ́. Bí a bá fẹ́ kí òun padà wá, ká ha ilẹ̀ náà, kí táyà lè rí nǹkan dì mú.

Fálẹ́yẹ tí a hú gbogbo iṣu rẹ̀ dànù pàápàá kò jẹ́ gbé ọkọ́ sókè. Gbogbo wa ń wo Àìná. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò pa á rí, kò sì tún ní pa á mọ́ láyé. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ Baba, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ha á. Ó ró bí ìgbà tí èèyàn ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó ń ha, ó ń sunkún, ẹ̀rín sì tún ń pa á.

"Kí lẹ ń wò? Ẹ lọ wọ bàtà yín! Gbogbo yín, ẹ jó lórí ẹ̀!"

Kátíkíìsì ló kọ́kọ́ dé, nínú bàtà ọjọ́ Àìkú rẹ̀. Ó jó! Mi ò rí kí ènìyàn Ọlọ́run fi inú dídùn fi ẹsẹ̀ gbẹ̀san bẹ́ẹ̀ rí.

A fa bàálù jáde. Apá rẹ̀ kan tẹ̀ díẹ̀, mo fi òòlù nà án tọ́. Ó gbéra lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tún padà wá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń dúró gbọn-in bí ẹṣin tí a fà ní ìjánu. Ọmọ́tóyọ̀sí gba abẹ́rẹ́ kẹrìnlá rẹ̀. Láràárọ̀ títí di Kérésì, ìyá rẹ̀ ń gbé ife omi fún un lójú wa, torí ẹni tí àìsàn yẹn bá mú kì í lè mu omi. Láràárọ̀ ni ọmọ náà ń mu ún tán.

Gbogbo ilé tó wà lágbègbè wa ló gbé iṣu mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ fún Fálẹ́yẹ lẹ́yìn ìkórè, tó fi ń pariwo pé àká òun fẹ́ ya. Àwọn awọnlẹ̀ lo pápá náà fún ọdún mẹ́ta kí igbó tó gbà á. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí bàálù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àìná, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó elérùngbọ̀n pupa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Fálẹ́yẹ àti iṣu rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wọ mọ́tò lọ sí Ìjàn-Èkìtì, kó béèrè ilé Màmá Ọmọ́tóyọ̀sí, ọmọ Àìná. Ó wà láyé, ó ti ní àrọ́mọdọ́mọ, á sì ka abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan.