Ìyá Ojú Fèrèsé

Obìnrin aránṣọ kan wà, Ìyá Ojú Fèrèsé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan títì mọ́. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń na aṣọ sí i, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbà á padà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ló ń lọ sọ́jà fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tí kì í jáde, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ rí níta tí kì í kọjá níwájú mi níhìn-ín?"

Ohun tó ń kọjá níwájú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Òpópónà wọn dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó sì parí sí ilẹ̀ gbalasa kan tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, gbogbo omi òkè á wá dá síbẹ̀, á dúdú, á máa rùn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, tí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń dún jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, oorun á gbé e lọ fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú oorun yẹn, ilẹ̀ gbalasa náà á tutù yọ̀yọ̀, igi ńlá kan á ta òjìji sí i láàárín. Ọkọ rẹ̀ á jókòó lábẹ́ igi náà, á ti bọ́ bàtà, á máa fọwọ́ pè é. Bí òun náà bá ti ní kóun dìde báyìí, ló máa ń jí.

Ìgbà kan wá dé tí ìjọba ìlú rán àwọn òṣìṣẹ́ wá tún ilẹ̀ náà ṣe. Àwọn ará àdúgbò kọ̀ jálẹ̀. Ìjọba kúkú ti rán èèyàn wá rí: wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Kòtò ọ̀hún ló di adágún. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Káfíńtà àdúgbò, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ le ju òòlù rẹ̀ lọ, ló ṣáájú àwọn tó lọ dínà.

"Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti wá! Kòtò kan ti tó wa!"

Ọkùnrin gíga kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà. Kò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ibi tó ti ń fi ẹ̀yìn rìn ni wáyà kan nílẹ̀ ti há a ní ṣòkòtò, ló bá ya láti ìdí dé orúnkún. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ó wò yí ká, ó rí ẹ̀rọ ìránṣọ lójú fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ dákun, ẹ gbà mí."

"Wọlé, ọmọ mi. Ìdí ọ̀gá kì í ṣe ohun à-wò-rẹ́rìn-ín."

Àbúrò ìyá fún un ní ìró kan, ó ró o, ó jókòó sórí àpótí bí ìyàwó tuntun. Ìyá ń rán ṣòkòtò. Eruku wẹ́wẹ́ ń fò nínú ìtànṣán tó gba fèrèsé wọlé.

"Mà, kí lẹ máa ń rí láti ibí yìí?"

Ìyá kò mọ ohun tó ṣe òun tí òun fi sọ òótọ́. Ó ro àlá náà fún un: koríko, igi, ọkọ. Àbúrò rẹ̀, tí kò gbọ́ ọ rí, dúró ti ìlẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Igi wà nínú iṣẹ́ tí a gbé wá. Ṣé ẹ máa wá fi ibi tẹ́ ẹ ti rí i hàn wá?"

"Èmi? Níta?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ parí ṣòkòtò mi ná."

Bàtà ìyá ti gan, ti ọkọ rẹ̀ ló wọ̀. Nígbà tó yọ sí títì, gbogbo wọn yíjú sí i. Ilẹ̀ rí bí ẹni pé ó ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Káfíńtà ṣí fìlà.

"Ìyá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń lọ fi ibi igi hàn wọ́n."

"Igi wo?"

"Èyí tí ẹ ó bá mi gbìn."

Káfíńtà wo ọ̀gá. "Tẹ́ ẹ bá tún já wa sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Bá a bá fẹ́ sá, ẹ ti mọ wáyà tẹ́ ẹ máa fi há wa."

Ẹ̀rín ló ṣí ọ̀nà. Ìjọba kó páìpù àti katakata wá, àwọn ará àdúgbò ń gbé òkúta, káfíńtà ń kan bẹ́ǹṣì. Àfi bí òjò ṣe dé kí wọ́n tó so páìpù pọ̀. Omi ya wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀, àwọn kan sì ti ń pariwo pé, "A sọ bẹ́ẹ̀!" Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kò lọ sílé. Ọ̀gá wọ inú omi dé ìbàdí, ó di ẹnu páìpù kan mú. Káfíńtà bẹ́ sínú omi, ó di èkejì mú. Àwọn tó kù tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, wọ́n ń na àpò yanrìn síra wọn. Ìyá wà láàárín wọn, ó rin gbingbin. Nígbà tí páìpù pàdé, omi gbé ohùn kan jáde bí ọ̀fun tó ń gbé nǹkan mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n kàn dúró nínú òjò, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tí wọ́n gbin igi, kò ga ju orúnkún lọ. Ìyá wò ó títí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Á dàgbà, mà," ọ̀gá sọ.

"Mo mọ̀. Igi kọ́ ni mò ń sunkún fún."

Láti ọjọ́ náà kò lá àlá yẹn mọ́. Ó dùn ún, bí ìgbà tí àlejò lọ láìdágbére. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, òun àti àbúrò rẹ̀ a máa lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa kí àwọn tó ti mọ̀ tipẹ́ láti àyà sókè. "Háà!" ló sọ fún káfíńtà, "o ò sọ fún mi rí pé ẹsẹ̀ rẹ tín-ín-rín bí ti lékeléke báyìí!" Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Nígbà tó yá, ọ̀gá padà wá. Àdúgbò mìíràn ti dínà mọ́ wọn.

"Ìyá, ẹ bá wa lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ìyá jókòó níwájú ọkọ̀ ìjọba, láàárín ọ̀gá àti awakọ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ọkọ̀ yà sí òpópónà tí kò rí rí, àwọn ilé funfun ń yọ́ kọjá nínú ìkùukùu àárọ̀.

"Rọra, ọmọ mi," ó sọ fún awakọ̀. "Mo ṣì ń wo ìlú."