Ojú Kì Í Ṣe Ìkòkò

Tí mo bá rí ẹni tó gbé awò ojú lé orí, ìyá onílé wa ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo máa ń rántí. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í sì í kí ènìyàn láìwo ojú rẹ̀ fínnífínní.

Lọ́dún tí mo wọ yunifásítì, irorẹ́ bo iwájú orí mi. Àwọn ará ilé wa ní èpà ló fà á, ni mo bá ń mu gààrí Ìjẹ̀bú lásán bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo tún ń fi kànìnkànìn ha ojú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Mo wá ń fi síkáàfù bojú lọ sí kíláàsì.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń ha ojú nídìí kànga, màmá fa awò wálẹ̀, wọ́n fi ìka kan gbé àgbọ̀n mi sókè.

"Ojú kì í ṣe ìkòkò, ọmọ mi. Kí lo fi ń para irun?"

"Òróró àgbọn ni, mà."

"Ó ń ṣàn wá síwájú orí rẹ. Ara ọ̀dọ́ ti ní òróró tirẹ̀. Tí èyí bá tún kún un, á dí ihò ara, irorẹ́ á sì sú. Ìdọ̀tí kọ́. Fi òróró yẹn sílẹ̀, kó o máa fọwọ́ jẹ́jẹ́ fọ ojú láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Èpà ńkọ́, mà?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé odidi ìgò èpà jáde fún mi.

Irorẹ́ ò tí ì dín ẹyọ kan, àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo da èpà sí gààrí, mo yó, mo sì lọ sí kíláàsì láìwé síkáàfù.