Àwẹ̀ Jàmílàt

Nígbà tí Jàmílàt fẹ́ dìde láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì tún jókòó. Mo rí i. Mo ṣebí àwẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ti ń sọ pé òun ń san àwẹ̀ tí òun kò gbà tán nínú Ràmàdáànì. Èmi Rosaline, ọmọ tíṣà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni mo mọ̀ nípa ìyẹn?

Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá ní họ́stẹ́ẹ̀lì wa l'Érúwà: èmi, Màrdíyyàh ọmọ ìlú Tápà, àti Jàmílàt ọmọ Igangan. Ẹni tó bá ṣí ìkòkò gbọ́dọ̀ pe àwọn yòókù: "Ẹ wá jẹun." Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹ á ní, "Á gba ibi ire." Ilé oníkálukú la ti kọ́ àṣà yìí wá. Lọ́dún tó kọjá, gààrí tí ìyá Jàmílàt ń fi ránṣẹ́ ló bọ́ gbogbo wa. Lọ́dún yìí, màlúù wọ oko wọn, ẹ̀gẹ́ kò ṣẹ́kù. Ó sọ fún wa, a ní pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tán.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀, a kò sì pè é jẹun mọ́. Ta ní í pe aláàwẹ̀ wá jẹun? Nírọ̀lẹ́, ó ní mọ́sálásí lòun ti ń ṣínu. Èmi tilẹ̀ ń gbé abọ́ mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, kí ìtasánsán ọbẹ̀ má baà dà á láàmú. Mo ń pe ara mi ní ọmọlúàbí. Òmùgọ̀!

Aago mẹ́sàn-án ni ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Jàmílàt ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò méjì ní sáà tó kọjá. Bí eléyìí bá tún bọ́ sọnù, yóò tún ọdún náà kà, bàbá rẹ̀ sì ti ní òun kò ní sanwó ọdún kan lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́jọ ti lù.

"Aláàwẹ̀, dìde! Àdúrà ò lè bá ẹ kọ ìdánwò o," mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó dìde. Kò rìn ju ìṣísẹ̀ méjì lọ tó fi ṣubú lu bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Màrdíyyàh gbá a mú, ó gbé e jókòó, ó wá ń wò ó. Ojú rẹ̀ le.

"Jàmílàt, àná lo gba páàdì lọ́wọ́ mi."

Jàmílàt yíjú sí ògiri.

"Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀. Ìwọ mọ̀, èmi náà mọ̀. Àwẹ̀ wo lo wá ń gbà?"

Ẹkún ló fi dáhùn. "Gààrí tó kù ni mò ń rẹ díẹ̀díẹ̀. Ó tán níjẹta. Látìgbà yẹn, omi lásán ni."

"Kí ló dé tó ò sọ fún wa?" Mo jágbe mọ́ ọn. Ojú ló ń tì mí, mo sọ ọ́ di ìbínú.

"Kí n tó ní mò ń gbààwẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń pè mí," ó ní. "Kí ni mo ní tí màá fi pè yín padà?"

Ó dùn mí wọra. Mo fa abọ́ ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí mo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, mo gbé e lé e nítan. Ó mú ṣíbí, ṣùgbọ́n kò jẹun. Àwọn ọmọbìnrin ti ń sáré kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Jẹun, aago ń lọ!" Màrdíyyàh ní.

Jàmílàt gbójú sókè, ó wo èmi, ó wo Màrdíyyàh.

"Ẹ wá jẹun," ó ní.

Ìrẹsì mi ló fi ń pè mí! Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti ní á gba ibi ire. A jókòó tì í, a fọwọ́ bù ú. Ìgbà tó rí i pé a ti gbé e mì ló tó fi ṣíbí tirẹ̀ sẹ́nu.

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lórí ìjókòó nínú gbọ̀ngàn, ọbẹ̀ ṣì wà léèékánná mi.