Ọmọlanke La Fi Gbé Lọ́ọ̀dù Rathcorran Dé Ibojì

Lọ́ọ̀dù Rathcorran kú lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nínú ilé aṣọ́bodè tí òjò ń jò wọ̀. Gbogbo ìlú Kilbrack wa yìí ló mọ̀ pé ilé ńlá tó wà lẹ́yìn ilé kékeré yẹn ti jóná nígbà ogun abẹ́lé, gbogbo Kilbrack náà ló sì mọ ẹni tó ṣáná sí i. Ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ mú kálàmù lónìí. Ọ̀rọ̀ òkú ni, òkú tí a sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, bí àpò ọ̀dùnkún tí ẹni tó ni ín kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tó jẹ́. Eustace Tyndall lorúkọ rẹ̀, Lọ́ọ̀dù Rathcorran loyè rẹ̀: ọmọ onílẹ̀, ọmọ àwọn tí baba ńlá wọn bá ọba Gẹ̀ẹ́sì wá gba ilẹ̀ Áyálàndì wa. Ó lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dìde láàárín àwọn ọlọ́lá ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí oko di ti ẹni tó ń ro ó. Nígbà tí òfin náà jáde, àwa tí a ti ń forí balẹ̀ fún onílẹ̀ láti ìran dé ìran wá di onílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọlọ́lá kan ní àgbègbè yìí tó tún pè é wá jẹun. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ, tí ìlú wá di tiwa, àwa náà pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Àjàò tí kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ! Mo bi í léèrè nígbà kan ìdí tí kò fi kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń bó ẹyin sísè lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Lọ́ńdọ̀nù kẹ̀? Ará Áyálàndì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà jókòó síbi tí mo ti mọ àwọn tó ń bú mi."

Áńgílíkà ni. Ó fẹ́ Delia Hanratty, ọmọ ẹni tó ń lọ ọkà, Àgùdà pọ́ńbélé. Ẹ mọ àṣà wa: nínú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọmọkùnrin á tẹ̀lé bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, ọmọbìnrin á tẹ̀lé ìyá lọ sí Máàsì. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, wọn á jọ rìn dé oríta, wọn á wá pínyà: Lọ́ọ̀dù àti Giles ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́tùn-ún, Delia àti Letitia ọmọbìnrin wọn lósì. Àwọn tó bá kọ́kọ́ jáde á jókòó de àwọn yòókù lórí òkúta tó wà níbẹ̀. Mo ti rí Lọ́ọ̀dù lórí òkúta náà láìmọye ìgbà, fìlà lórí orúnkún, tó ń retí ìyàwó rẹ̀, nítorí ìwàásù Fádà Breslin wa kì í tètè parí. Giles kú sójú ogun ní Faransé. Delia náà tẹ̀lé e. Ó wá ku Lọ́ọ̀dù lọ́tùn-ún, ó ku Letitia lósì.

Ṣebí ẹ wá sí àìsùn òkú rẹ̀? Ẹ wá dáadáa! Ẹ jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, ẹ mu ọtí rẹ̀, ẹ fa tábà rẹ̀. Mossie Cotter, ẹni tí oko rẹ̀ tóbi jù lára oko tí òfin yẹn gbà fún wa, ni ẹkún rẹ̀ ròkè jù. "Háà, baba wa ti lọ! Irú wọn ò sí mọ́!" Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun àti àwọn márùn-ún gbé pósí sí èjìká, wọ́n gbé e dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sórí koríko. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì fà sẹ́yìn.

"Bọ̀ọ̀dá Mossie, kí ló dé?" Letitia béèrè.

"Letty, ìwọ náà ṣáà mọ̀. Fádà ní Àgùdà tó bá wọbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló dá."

"Ta ni yóò wá gbé e wọlé?"

"Àwọn èèyàn tiwọn ni."

"Àwọn èèyàn wo? Ẹ fi wọ́n hàn mí!"

Lóòótọ́, ta ló wà níbẹ̀? Àwọn ọlọ́lá tí kò dárí jì í kò yọjú. Àlùfáà Áńgílíkà nìkan ló dúró nínú lọ́hùn-ún, pẹ̀lú Hosford, bàbá arúgbó tó ń gbẹ́ ibojì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí pósí.

"Má wọlé o, Letty," Mossie tún wí. "Dúró tì wá. A máa gbàdúrà láti ibí. Ọlọ́run ò dití."

"Ọlọ́run ò dití, àmọ́ pósí ò lẹ́sẹ̀."

Hosford bá ti ọmọlanke tó fi ń kó koríko jáde. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sáré bá a gbé pósí sórí rẹ̀, nítorí ìta géètì ni ọmọlanke ṣì wà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rí ẹ̀sìn? Letitia di ọwọ́ ọmọlanke mú, ó ti bàbá rẹ̀ wọlé nínú ẹrẹ̀, àwọn ọkùnrin ìlú sì tò sẹ́yìn ògiri, wọ́n ń wò ó.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, Letitia kúnlẹ̀ láàárín wa láti gba ara Olúwa. Fádà Breslin fò ó, ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Ẹni tó kàn ni Mossie Cotter. Ó lanu, ó gbà á.

Mo lọ kí ọmọ náà. Mo ní ṣé kò ní kó kúrò ní ìlú yìí.

"Kí n lọ síbo? Màmá mi wà lósì, Dádì wà lọ́tùn-ún. Èmi ló kù lórí òkúta yẹn báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń jáde bọ̀."

Inú ń bí mi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Fádà Breslin, gbangba lẹ ti dójú ti ọmọ yìí, gbangba náà ni mo ti ń bi yín: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ tó sin bàbá rẹ̀ dá? Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti lé e, lójú gbogbo ìjọ, lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́lá tí ẹ fi òkú gbẹ̀san, ẹ sọ fún wa bóyá ó dùn. Mossie, ìwọ àti àwọn márùn-ún, ìdajì ọ̀nà lẹ gbé òkú dé. Ẹ lọ parí rẹ̀, kí ẹ dúró lẹ́bàá ibojì rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé géètì ló dá yín dúró. Mo lọ wò ó lánàá. Òpó òkúta méjì ló wà níbẹ̀, kò sí ìlẹ̀kùn kankan láàárín wọn.