Ẹni Tó Ru Òkúta Lórí Àtẹ̀gùn

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é ní irọ́. Ọrùn ọkọ mi ṣì wà níbẹ̀, ẹ wá fojú ara yín wò ó.

Kọ́tìnì ni mò ń rán ní Tudu, nílẹ̀ àwọn Gá. Bàbá Kùdí, ọkọ mi, ló máa ń bá mi gbé e kọ́. Lásìkò dumsor yẹn, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, wọ́n pè wá sí ilé ńlá kan létí òkun. Ààfin gómìnà òyìnbó ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó lọ, wọ́n sọ ọ́ di ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú. Yàrá tí gómìnà ti ń jó ni wọ́n ti ń ṣèpàdé báyìí.

Ọ̀sán gangan ni. A ń wọn fèrèsé lókè nígbà tí iná lọ. Fáànù dúró, gbogbo ilé dákẹ́.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí ọkùnrin kan tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, òkúta gbígbẹ́ kan lórí òṣùká rẹ̀. Mo rò pé lébìrà ni. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wá: ẹnu Yorùbá kò lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo wí.

Ó dúró. Ó wò mí bí ẹni tí wọn ò kí rí.

"Ẹ bá mi sọ̀," ló wí jẹ́jẹ́. Yorùbá ni o, nínú ilé tí kò sí Aláàtà kankan, bí wọ́n ṣe ń pè wá níhìn-ín, àfi àwa méjèèjì.

A kì í kúkú kọ̀ fún ẹni tó ní ká bá òun sọ ẹrù kalẹ̀. Bàbá Kùdí gbé àkàbà ọwọ́ rẹ̀ ti ògiri, ó nawọ́. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé òógùn ń já bọ́ lójú ọkùnrin yẹn, àtẹ̀gùn sì gbẹ táútáú. Mo fa ọkọ mi láṣọ. Ó ti pẹ́ jù.

Ọkùnrin náà na ọrùn, mo gbọ́ bí eegun rẹ̀ ṣe ń ró. "Ẹ ṣé," ló wí, n kò sì rí i mọ́. N kò rí òkúta náà. Ọwọ́ ọkọ mi méjèèjì nìkan ló kù lókè orí rẹ̀.

"Ìyá Kùdí," ló wí lábẹ́ ohùn, "ó wúwo."

Baba Gá kan tó ń ṣọ́ ilé náà ló bá mi mú un jáde. Ó ní àwọn Aláàtà tí òyìnbó kó wá ló fi orí ru òkúta ilé yẹn, àwọn mìíràn kú sẹ́nu iṣẹ́.

"Àwa náà ń gbọ́ ohùn rẹ̀," ni baba wí. "Èdè rẹ̀ ni a ò gbọ́. Kí ló ní kí ẹ ṣe?"

Mo dá ọkọ̀ dúró, mo gbé ọkọ mi lọ sí ọsibítù.

Ọsibítù ya fọ́tò ọrùn ọkọ mi, wọn ò rí nǹkan kan. Aáfà gbàdúrà títí. Ọrùn náà ṣì ń rì sínú èjìká. Láàárọ̀, lálẹ́, á wò mí, á ní, "Bá mi sọ̀." Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó ń dùn mí dé eegun. Màá nawọ́, màá rántí Kùdí tó ṣì ń mu ọmú, màá tún ká ọwọ́ mi kò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gba Tudu kọjá, bí ẹ bá rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi tó fọwọ́ méjèèjì di orí mú láìru nǹkan kan, ẹ má kí i. Bó bá bẹ̀ yín, ẹ fi Twi dá a lóhùn, kẹ́ ẹ máa lọ. Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín.