Omi Tí Kò Lè Gun Òkè Wa

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ètè gbogbo wa ń ya. Ẹ̀rọ omi tó ń mí hìì lásán nílé ọmọ mi ní Àgọ́-Ìwòyè lónìí ló mú mi rántí ọjọ́ náà, nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé.

Àwọn òṣìṣẹ́ omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fa páìpù dé òkè wa, wọ́n sì ri ẹ̀rọ omi kan síbẹ̀. Ìyá mi lóyún, wọ́n ti fẹ́ bímọ, nọ́ọ̀sì sì ti ní wọn ò gbọ́dọ̀ ru omi mọ́. Ìyá mi jókòó ti ẹ̀rọ náà títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Mo gbé etí lé e: irin tútù, òórùn ìpẹtà, atẹ́gùn nìkan. Mo rò pé ó ń sùn ni, mo bá rọra gbá a kó lè jí.

Obìnrin kan kígbe láti ìdí ẹ̀rọ tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè: "Ẹ̀yin ará òkè, omi ti fẹ́ gbé wa lọ níbí o!"

"Ẹ ní sùúrù, màmá," ni ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà wí fún ìyá mi. "Ó ń gun òkè bọ̀."

"Ṣé ọ̀pá ló fi ń tilẹ̀ bọ̀ ni?" ni ìyá mi dáhùn. Ìyá mi fúnra wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé páìpù tí wọ́n rì sí òkè wa tẹ́ẹ́rẹ́ jù, agbára omi ti tán lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi wé òṣùká, wọ́n lọ pọn omi lódò. Bí wọ́n ti ń gun òkè bọ̀, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì tì wọ́n lẹ́yìn.